Obìnrin Kan

Ọmọbìnrin mi, tí mo bí sí Peckham níbí, ń kọ́ nípa ìtàn ní yunifásítì. Lọ́jọ́ kan tí mo dé láti ibi iṣẹ́ ní ọsibítù kan ní Camberwell, ó ní kí n jókòó gbọ́ ohun tí òun kọ. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà nígbà ayé òwò ẹrú ni. Àwọn ló ń gbẹ̀bí fún ẹrú, àwọn náà ló ń gbẹ̀bí fún ìyàwó olówó wọn. Wọ́n mọ ewé tó ń wo ibà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé olówó ẹrú kan tí ó kà, ẹṣin ní orúkọ, ajá ní orúkọ. Agbẹ̀bí, "obìnrin kan" ni wọ́n kọ.

Inú bí mi. Mo ní aláìmoore ni wọ́n, wọn ò rántí ọwọ́ tó gbé ọmọ wọn. Mo bú wọn títí tíì tí mo ń mu fi tutù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo ń bá wọn tẹ ìwé ìtàn mọ́sálásí wa ní Old Kent Road sórí kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin nìkan ló kún inú rẹ̀. Mo yarí fún akọ̀wé mọ́sálásí. Mo ní Ìyá Àgbà ńkọ́, tó jẹ́ pé pálọ̀ wọn ni a ti kọ́kọ́ ń kírun, tí wọ́n ń se sààrì fún wa, tí wọ́n ń wẹ òkú àwọn obìnrin wa? Èmi gan-an sùn nílé wọn fún ọdún méjì nígbà tí mo dé ìlú yìí.

Akọ̀wé ò bá mi jiyàn. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Aunty. Kí lorúkọ wọn?"

N ò mọ̀ ọ́n. Ta ló jẹ́ pe àgbà lórúkọ? Wọn ò sì bímọ tí à bá fi pè wọ́n. Wọ́n ti padà sílé ní Nàìjíríà, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Mo fóònù gbogbo obìnrin tó mọ̀ wọ́n, títí dé Lewisham. Ìyá Àgbà ni gbogbo wọn ń wí.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn òbí wọn ti wo ilé, wọ́n ti sọ wọ́n lórúkọ. Àwa tí a jẹun nílé wọn ni a ò bèèrè. Ojú tì mí gan-an.

Ọmọ mi wò mí. "Mummy, ẹ gbé in her house for two years, ẹ ò mọ name wọn?"

Àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé jáde ń dúró. Mo kọ ọ́ pé, "Pálọ̀ obìnrin kan ní Peckham ni a ti bẹ̀rẹ̀." Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.