Àṣíborí Gustl

Bí o bá fẹ́ bá Alban Zirngibl jà, má wulẹ̀ wá ọ̀pá. Sá ti sọ fún un pé ọ̀kan náà ni gbogbo ọmọ ogun Jámánì láyé àtijọ́. Yóò gbé ife bíà rẹ̀ kalẹ̀, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu irunmú, ó di kí ilẹ̀ ṣú. Àwọn ọmọ ogun Bavaria, ilẹ̀ baba tirẹ̀, ní ọba tiwọn, aṣọ búlúù tiwọn àti àṣíborí tiwọn. Ti àwọn ará Prussia, àwọn ará àríwá tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pàṣẹ, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Alban kì í dárúkọ wọn láìkọ́kọ́ wo ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tutọ́.

Alápatà ni kó tó fẹ̀yìn tì, àmọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ológun ló gba ọkàn rẹ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlú tó ní irú ilé bẹ́ẹ̀ tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀. Yóò dúró níwájú dígí tí wọ́n kó àṣíborí onírin ṣóńṣó sí, yóò máa wo bọ́tìnnì ara kóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Walburga ìyàwó rẹ̀ á tẹ̀ lé e, á wá àga, á máa hun ìbọ̀sẹ̀. Alban kò bi í rí pé ti ta ni.

"Etí adágún ni ọkọ àwọn ẹgbẹ́ mi ń mú wọn lọ," ni ìyá náà máa ń sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀. "Bọ́tìnnì òkú lèmi ń wò kiri."

Ohun kan wà tí Alban kì í ṣe. Bó bá ti dé ibi tí wọ́n kó ẹrù Prussia sí, yóò fi fìlà rẹ̀ bo ẹ̀gbẹ́ ojú, yóò sì yára kọjá bí ajigbèsè tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù olówó rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tó fi ń lọ káàkiri, kò fi ojú kan àṣíborí Prussia rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Òun náà ní àṣíborí tirẹ̀. Gustl, bàbá tó bí ìyá rẹ̀, ló dé e lọ sógun. Irin tó yẹ kó wà níwájú rẹ̀ ti sọnù, ṣùgbọ́n àmì róbótó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, funfun àti búlúù, àwọ̀ Bavaria. Orí pẹpẹ kan nílé ọtí Notburga ló wà, lókè tábìlì àwọn àgbà ìlú. Kò sí àlejò tí í jókòó sí tábìlì yẹn láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Alban wá fi òfin tirẹ̀ kún un: ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀ bá dé fìlà Prussia kò ní jókòó sábẹ́ àṣíborí Gustl láé.

Gbogbo ilé ọtí ló mọ ẹni tó ń bá wí. Zenta, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ti lọ fẹ́ Henning, ọmọ Prussia pọ́ńbélé, ọkùnrin gíga kan tó níwà tútù, tó ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe. Láti ọdún tí wọ́n ti ṣègbéyàwó ni Henning ti ń dá mu bíà tirẹ̀ nídìí tábìlì kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá kí àwọn àgbà, wọ́n á dáhùn. Ibẹ̀ náà ló ń mọ.

Ṣùgbọ́n Korbinian oníbúrẹ́dì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí wọ́n pe ọmọ yẹn wá sí tábìlì, àwọn yòókù sì ti ń gbè é lẹ́yìn. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú ńlá kéde pé kí àwọn èèyàn gbé ohun ogun bàbá wọn wá fún àyẹ̀wò, Alban rí ọ̀nà. Kí ọ̀mọ̀wé fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí sí àṣíborí Gustl, kí Henning fetí ara rẹ̀ gbọ́, kí ẹjọ́ parí. Ojú rẹ̀ kò sì ríran wa ọkọ̀ mọ́, nítorí náà Henning yìí kan náà ló wà á lọ.

"Bàbá, ṣé òtútù ò mú yín?" ni Henning bi í lójú ọ̀nà.

"Ìwọ máa wa ọkọ̀ rẹ. Tí a bá débẹ̀, kí o ṣáà la etí rẹ dáadáa."

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Roswitha Trautwein ló gba àṣíborí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó yẹ abẹ́ awọ inú rẹ̀ wò.

"Ta ló kùn ún?" ló bi í.

"Kùn kí ni?"

"Àmì ẹ̀gbẹ́ yìí. Ọ̀dà ilẹ̀kùn ni wọ́n fi kùn ún. Ṣé kí n nu igun kan wò?"

"Ẹ nù ún, mà. Bí ẹ bá ṣe ń nù ún tó ni búlúù rẹ̀ á ṣe máa dán tó."

Obìnrin náà fi òwú nù ún, búlúù náà sì bá òwú lọ. Dúdú ló yọ lábẹ́ rẹ̀, dúdú àti funfun, àwọ̀ Prussia.

"Òǹtẹ̀ wọn náà ló wà nínú níbí," ni obìnrin náà wí. "Ará Pomerania ni bàbá àgbà yín, etí òkun ilẹ̀ Prussia lókè lọ́hùn-ún. Ó dáa gan-an o. Àmọ́ ìrísí rẹ̀ nìkan ti tó, bàbá. Irú rẹ̀ kún inú dígí ẹnu ọ̀nà wa. Ṣé ẹ ò rí i nígbà tí ẹ ń wọlé ni?"

Alban kò rí i. Fìlà ló fi bojú.

Ó rántí ìyá àgbà rẹ̀, tó máa ń ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì mọ́ra lọ́dọọdún kí àjọ̀dún ìlú tó dé, tó ní òun ń nu àṣíborí ọkọ òun, tí òórùn ọ̀dà á sì máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Ó rántí Gustl fúnra rẹ̀, tí kì í sọ ju "hun-ùn" lọ láti àárọ̀ dalẹ́. Gbogbo ẹbí gbà pé ọgbọ́n inú ló pọ̀ fún bàbá. Kò sọ́gbọ́n kankan. Ó ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ ni, kí ohùn Prussia má baà tú àṣírí rẹ̀.

Alban yíjú sí Henning, ó ń retí ẹ̀rín. Bàtà ara rẹ̀ ni Henning ń wò.

Wọ́n wọ ọkọ̀, Henning sì ń wà á lọ sílé.

"Bàbá, ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà kan wà níwájú."

"Kí ni kí n fi ọ̀dà ṣe?"

"Agolo búlúù kékeré kan ni. Mo lè kùn ún kí a tó délé. Èmi ò rí nǹkan kan lónìí. Ilé ìtọ̀ ni mo wà."

Kí á má parọ́, Alban ní kó dúró. Henning wọlé, ó ra ọ̀dà, ó tún ra búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù níbẹ̀, nítorí ó ní àmì náà kò tóbi. Alban gbé àṣíborí sórí itan kan, ó gbé agolo sórí èkejì, ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Kì í ṣe nítorí Gustl. Ọmọ tí òun fi sẹ́nu ọ̀nà láti ọjọ́ yìí ló ń wá bí òun kò ṣe ní bá a jókòó síbẹ̀.

"Máa wà á lọ," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ìyá àgbà mi ti kùn ún tó."

Ilé ọtí ti kún nígbà tí wọ́n dé.

"Alban, kí ni wọ́n wí?" ni Korbinian bi í. "Ṣé ọba ló fọwọ́ ara rẹ̀ dé e fún Gustl ni?"

Alban yí ẹ̀gbẹ́ àṣíborí náà sí wọn.

"Àbí iná ló jó o?" ni Xaver, tó dàgbà jù láàárín wọn, béèrè.

"Prussia ni. Gustl, ará Prussia ni. Èmi náà ńkọ́, ẹ bá mi rò ó."

Korbinian bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Jókòó jàre, ta ló ń bá ọ ṣòfin?"

"Èmi ni mo ṣe é," ni Alban wí. "Òfin sì ni òfin."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀," ni Xaver wí. "Ará Prussia ni lóòótọ́."

Alban gbé àṣíborí rẹ̀, ó lọ sídìí tábìlì ẹnu ọ̀nà. Henning fẹ́ fún un ní àga tó kọjú sí ilẹ̀kùn, ó kọ̀, àga tí Henning máa ń jókòó sí gan-an ló fi ìdí lé. Ẹnì kan wọlé, atẹ́gùn òtútù sì gba ọrùn kóòtù bọ́ sí i lẹ́yìn. Kò tíì pa ọrùn kóòtù náà pọ̀ tán tí ẹlòmíì fi wọlé.

"Ṣé bí ibí ṣe máa ń rí nìyí?"

"Ẹ jẹ́ kí yìnyín bẹ̀rẹ̀ ná, Bàbá."

"Báwo lo ṣe wá ń fara dà á?"

Henning na ẹsẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì, ó ká ṣòkòtò sókè díẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ nínípọn ló wọ̀ dé orúnkún, funfun àti búlúù.

"Ìyá ló máa ń hun ún fún mi," ló wí. "Wọ́n ní àwọn máa ń ráyè dáadáa tí ẹ bá ń wo fìlà."

Alban wo ìbọ̀sẹ̀ náà títí bíà rẹ̀ fi dé.

"Màá ní kó hun tèmi," ló wí. "Dúdú àti funfun."