Ẹyin Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Sá Sóòrùn

Títí dòní, mi ò lè jẹ pupa ẹyin. Bí òórùn rẹ̀ bá ti kàn mí nímú, ọkàn mi á padà sí ilé wa ní Òkòkómáìkò, sí ojú fèrèsé tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń jókòó sí.

Nígbà yẹn, ológun ló ń ṣèjọba, èmi sì ń ṣèwádìí ní yunifásítì tó wà nítòsí wa. Jẹjẹrẹ ọyàn ló gbé ẹ̀gbọ́n mi wá sọ́dọ̀ mi láti Èkìtì. A kì í dárúkọ àìsàn náà níwájú rẹ̀. "Ohun yẹn" là ń pè é. Òun náà kì í dárúkọ rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí mò ń sìn nínú àwo ní láàbù ló máa ń béèrè. Bí mo bá ti ń bọ́ bàtà, á ní, "Àbúrò mi, àwọn inú àwo yẹn ńkọ́?" bí ẹni ń béèrè ará ilé.

Ọ̀rá kan tó wà nínú ẹyin àti nínú ara gbogbo wa, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, ni mò ń fún wọn. Èyí tó ṣì dáa ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìgò àtijọ́ kan wà tí ìdérí rẹ̀ ti sán, tí afẹ́fẹ́ àti ooru ti ba tinú rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí mo fi ìyẹn sí wọn, wọ́n sún kì, wọ́n tú ilé ara wọn palẹ̀ fúnra wọn, wọ́n kú. Inú mi dùn, mo sáré wá sọ fún un.

"Èyí tó bàjẹ́ ló pa wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ̀gbọ́n mi."

Tíṣà oúnjẹ sísè ni kó tó ṣàìsàn, ó mọ bí ọ̀rá ṣe ń bàjẹ́. Kò pẹ́ tí mo fi bá abọ́ pẹrẹsẹ kan lójú fèrèsé. Ẹyin tí wọ́n bá a rà ní Ìyànà Ìbà ló sè, ó rún pupa rẹ̀, ó sá a sóòrùn kí ọ̀rá inú rẹ̀ lè bàjẹ́, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó nítorí eṣinṣin. Láràárọ̀, á gbàdúrà sí i, á bu ṣíbí kan jẹ. Mo ní kó jọ̀ọ́ dá a dúró. Ó ní, "Ìwọ náà lo kúkú sọ ọ́." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Mo padà sí láàbù, mo fi ọ̀rá bíbàjẹ́ yẹn sí sẹ́ẹ̀lì tí kò lárùn rárá. Bákan náà ni àwọn náà ṣe sún kì. Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá dákẹ́, á máa jẹ ohun tó lè pa á lára; bí mo bá sọ ọ́, mo ti gba ìrètí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ ọ́.

Ó ní, "Mo ti rí i lójú ẹ látìgbà tó o wọlé. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá sá nǹkan kan sóòrùn, kí ni màá jí sí lọ́la?"

Kò jẹ ẹ́ mọ́, àmọ́ kò yéé sá a. Èmi náà ń bá a yí abọ́ náà kí oòrùn lè ràn án dáadáa. Nígbà tí a sìnkú rẹ̀ tán, abọ́ ṣì wà níbẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè bọ́ bàtà nínú ilé yẹn kí n má gbọ́ ọ. Àwọn inú àwo yẹn ńkọ́? Àwọn tí mi ò fún ní nǹkan kan ṣì ń pọ̀ sí i ní láàbù. Mo máa ń dá a lóhùn pé, "Wọ́n wà o, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ṣì wà."