Irin Ìyí Ọkọ̀ Alhaji Onígbá

"Ìwọ lo ṣe táímìn rẹ̀, ìwọ lo máa yí i." Bí Ọ̀gá ṣe wí nìyẹn, ó sì gbé irin lé mi lọ́wọ́.

N kò tíì pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà tó jáde ní Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì ni, níbi tí mo ti kọ́ nípa ẹ̀rọ, iṣẹ́ ìjọba kò sì tètè yọjú. Ọ̀gá gbà mí nítorí ẹ̀rọ kan tó rà ní Èkó. Kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dà bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré. Àwọn mẹkáníìkì tó kù kò fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá wa ṣe táímìn. Nínú ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ta iná sí epo ní díẹ̀ kí písítìnnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, tó dé òkè. Bí iná bá pẹ́ jù, ọkọ̀ kò ní lágbára. Bó bá yá jù, yóò ti písítìnnì padà sẹ́yìn nígbà tó ṣì ń gòkè lọ. Bí mo bá tẹ irú ẹ́ńjìnnì sínú kọ̀ǹpútà, yóò sọ iye tó yẹ. Èmi yóò wá tan iná rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú sí àmì tó wà lára púlì, ìyẹn irin róbótó tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá níwájú ẹ́ńjìnnì. Kọ̀ǹpútà yóò ti ara àmì yẹn mọ ibi tí písítìnnì wà nígbà tí iná ta, yóò kọ iye rẹ̀ sójú, èmi yóò sì máa yí dísítíríbútọ̀ tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì díẹ̀díẹ̀ títí iye méjèèjì yóò fi bára mu.

Alhaji Rájí ló ni píkọ́ọ̀pù tí mo ṣe lọ́jọ́ náà. Igbá ló ń fín, nítòsí Ọjà Akẹ̀sán. Ó ti di igbá kún ẹ̀yìn ọkọ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń retí rẹ̀ ní Ọjà Igbó, Ògbómọ̀ṣọ́. Bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀ tipẹ́, iná rẹ̀ kò tó yí ẹ́ńjìnnì mọ́. Irin gígùn tí wọ́n ń kì bọ ihò iwájú ọkọ̀ ló fi ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè jí.

Ọ̀gá ní òfin kan lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá ṣe táímìn ni yóò kọ́kọ́ yí i. Nígbà kan rí, ẹ́ńjìnnì ta padà, irin náà sì ṣẹ́ ọwọ́ oníbàárà kan. Ọ̀gá ní mẹkáníìkì tó bá mọ̀ pé ọwọ́ ara òun ni òun yóò fi dán an wò kò ní ṣe iṣẹ́ gbà-má-pòóò-rọ́wọ́-mi.

Mo ki irin bọ ihò. N kò yí i.

Ohun kan ń dà mí láàmú. Bátìrì ṣọ́ọ̀bù la fi jí ọkọ̀ náà nígbà tí mo ń ṣe é. Nígbà tí mo parí, mo pa á, mo tún jí i. Ó dún gbì, ó dúró bí ẹni tí wọ́n gbá láyà, kó tó wá yí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ó lè jẹ́ pé bátìrì ni kò lágbára tó. Ó sì lè jẹ́ pé iná ń yá jù.

"Ṣé kọ̀ǹpútà ní ó pé?" Ọ̀gá bi mí.

"Ó ní ó pé, sà."

"Kí lo wá ń dúró dè?"

Múfú, àgbà mẹkáníìkì wa, bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ fi Injiníà sílẹ̀. Ọmọ Bàptíìsì ni, wọn kì í kánjú parí àdúrà."

Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Ó wo oòrùn, ó ká apá jalàmíà rẹ̀ sókè. "Bísímílà. Gbé e wá, ọmọ mi. Ojoojúmọ́ lèmi ń yí i."

Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Mo rí àtàǹpàkò rẹ̀, ó ti le bí awọ níbi tí ọ̀bẹ ìfíngbá máa ń gbé. Ọwọ́ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Bí irin bá ta, kò ní mọ ìgbà tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣẹ́.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Igbe ló bọ́ lẹ́nu mi.

"Èmi lò ń jágbe mọ́?" Alhaji bi mí.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. N kò lè sọ pé yóò ta. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé kò ní ta."

"Ṣé ẹ̀rọ máa ń parọ́ ni?" Ọ̀gá ti ń bínú.

"N kò mọ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n wo ohun kan."

Mo tú gbogbo púlọ́ọ̀gì kí ẹ́ńjìnnì má baà lè ta. Mo ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ ihò púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́, ó jókòó lórí písítìnnì. Mo wá ń fi irin yí ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́. Ìgbálẹ̀ ń gòkè. Níbi tó ti dúró tí kò gòkè mọ́, òkè pátápátá ni písítìnnì wà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí àmì púlì kọjú sí òdo tí wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnnì. Àmì náà ti kọjá òdo lọ jìnnà. Mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ọwọ́ mi ń gbọ̀n, n kò sì fẹ́ kó tàn mí jẹ. Ibì kan náà ló dúró.

"Alhaji, ṣé ẹ ti pààrọ̀ púlì yìí rí, sà?"

"Ti àkọ́kọ́ fọ́ lójú ọ̀nà. Wọ́n bá mi yọ òmíràn lára ẹ́ńjìnnì àlòkù. Ó wọlé dáadáa, bẹ́líìtì sì gbà á. Kí ló tún kù?"

"Àmì rẹ̀ ló kù, sà. Ti ẹ́ńjìnnì mìíràn ni, òun sì ni kọ̀ǹpútà tẹ̀lé."

Ọ̀gá tẹjú mọ́ púlì náà. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú fáìlì tí a fi ń rẹ́ irin wá fún mi. Mo fi rẹ́ àmì tuntun síbi tó yẹ, mo fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún. A dá púlọ́ọ̀gì padà, a jí ẹ́ńjìnnì, mo sì tan iná sí i. Iye tó jáde lójú kọ̀ǹpútà fi hàn pé iná ń ta nígbà tí písítìnnì kò tíì súnmọ́ òkè rárá. Mo yí dísítíríbútọ̀ padà títí ó fi pé, mo sì pa ẹ́ńjìnnì.

Òfin Ọ̀gá kò yí padà ṣá. Mo tún gbá irin náà mú. Ẹ̀rù tún bà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí bí kọ̀ǹpútà ṣe dá mi lójú tẹ́lẹ̀ náà ni ẹyọ ìgbálẹ̀ ṣe dá mi lójú báyìí.

Múfú súnmọ́ mi, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. "Má fi àtàǹpàkò há a. Kó gbogbo ìka sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Fà á sókè, má tì í sílẹ̀ o. Bó bá ta, á bọ́ lọ́wọ́ ẹ."

Mo fà á. Ẹ́ńjìnnì mí kanlẹ̀, kò jí. Mo dijú, mo tún fà á. Ó jí. Irin náà já kúrò lẹ́nu ẹ́ńjìnnì wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tí èèyàn rọra gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé.

Alhaji na ọwọ́ sí mi. Nígbà tó di tèmi mú, ó wò ó, ó fi ọwọ́ kejì bò ó.

"Ṣé bí ọwọ́ yìí ṣe ń gbọ̀n bọ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó di ọwọ́ mi mú báyẹn títí ó fi dẹ́kun gbígbọ̀n, kó tó wọ ọkọ̀ rẹ̀, kó tó gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọ.