Ewúrẹ́ Sẹ̀nàmi Nínú Igbó Ọba

Láràárọ̀ báyìí, kí n tó bọ́jú tán, igbe ewúrẹ́ á ti máa wá láti inú igbó ọba tó wà lẹ́yìn Mọ̀wó. Ìjọba ti gbà kí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sìn máa da ẹran níbẹ̀, wọ́n sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní abo ewúrẹ́ méjì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: mò ń jowú yín gidi.

Nígbà tiwa, ìyá ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní màmá, ni ìjọba tó ń fúnni lẹ́ran. Á fa abo ewúrẹ́ kan lé ọmọ lọ́wọ́ pé kó máa sìn ín. Bó bá bímọ, àkọ́bí jẹ́ ti màmá, èyí tó tẹ̀lé e di ti ọmọ náà. Lọ́dún tí mo ń retí tèmi, Sẹ̀nàmi ni màmá fún. Ọmọ Ẹ̀gùn láti Ajídó ni, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja nínú ọgbà wa. "Ìwọ ní bàbá," ni màmá wí fún mi. Ó dùn mí wọra. Ewúrẹ́ dúdú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀, Sẹ̀nàmi a sì máa bù nínú gààrí tirẹ̀ fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Sẹ̀nàmi lọ pọnmi, mo tú okùn ewúrẹ́ ọ̀hún, mo lé e wọ igbó ọba. Gbogbo wa la mọ òfin: ẹran tí aṣọ́gbó bá bá níbẹ̀, ó lọ nìyẹn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, aṣọ́gbó ti fà á lọ.

Sẹ̀nàmi kúnlẹ̀ fún màmá. "Ẹ má bínú, mi ò so ó le ni." Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò lanu. Ojú ti ìyá rẹ̀, ó kó ẹrù wọn padà sí Ajídó, a ò sì fojú kanra mọ́. Èmi ni màmá fún ní ewúrẹ́ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ rẹ̀ la tà tí mo fi kàwé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ewúrẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ṣìnà wọ ibi tí wọn ò gbà wọ́n láàyè. Aṣọ́gbó fúnra rẹ̀ ló fà á padà wá. "Àǹtí, ẹran yín rèé." Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbà á. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún. Òfin igbó ti yí padà. Owú tèmi ló ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kì í ṣe nítorí ara mi ni mo ṣe jowú ọmọ yẹn. Nítorí Sẹ̀nàmi ni.