Ọ̀rọ̀ tí A Kọ sí Ẹ̀yìn Aṣọ

Nígbà tí mo gbé orí sókè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sí ẹnì kankan lójú títì. Ìgàndó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìkòtún, níbi tí ẹsẹ̀ kì í ti í dá láàárín ọ̀sán. Atẹ ọsàn kan ti dojú dé lẹ́bàá gọ́tà, bàtà ẹsẹ̀ kan wà láàárín ọ̀nà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi ló ti tilẹ̀kùn. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Adití ni mí. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ nǹkan kan, wọ́n ti sá lọ, èmi sì dúró síbẹ̀, mò ń ká ẹ̀wù.

Ṣadé ìyàwó mi, tí òun náà jẹ́ adití, ti jáde láàárọ̀, kò sì tíì dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí ná, kí ẹ lè mọ ohun tó ń dẹ́rù bà mí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Mo gbọ́ràn dáadáa nígbà tí mo wà ní kékeré, kí àìsàn kan tó dá mi dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dìde, etí ti lọ. Ìdí nìyẹn tí mo ṣì fi lè sọ Yorùbá díẹ̀ lẹ́nu, tí mo sì lè wo ètè ẹni tó bá rọra sọ̀rọ̀. Àwọn tó bá ń kánjú sọ̀rọ̀, bí ẹni ń jẹ ẹran ni wọ́n rí lójú mi.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ aṣọ títẹ̀ ní Shasha, Ọ̀gá Láìdé, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń kánjú yẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé férémù lé mi lọ́wọ́, ìyẹn pákó onígun mẹ́rin tí a na aṣọ tín-ín-rín sí lójú, tí ìǹkì máa ń gba inú àwòrán orí rẹ̀ kọjá sára ẹ̀wù. Ó sọ̀rọ̀ títí, mi ò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Nígbà tó sú u, ó di ọwọ́ mi mú mọ́ rọ́bà tí a fi ń fa ìǹkì, àwa méjèèjì sì jọ fà á. Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ló fi ń kọ́ mi. Ọjọ́ tó ṣe fíríìdọ̀mù fún mi nìkan ló tún fara balẹ̀ lo ẹnu, ó sì rọra sọ ọ́ kí n lè rí i:

"Tájù, ẹ̀wù tí o ò bá tíì wọ̀ jáde rí, má tà á."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí àwa adití ní ẹ̀wù tiwa. Adití kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tí a ń fi ọwọ́ pè. Kì í ṣe òbí ló ń sọ ọ́ fúnni, àwa adití la ń sọ ara wa. Nítorí àpá ojú mi, ìka kan tí a fà lórí ìpéǹpéjú ni orúkọ mi. Ti Ṣadé, ìka méjì ni a ń fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí pé tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ a jìn sínú. Àwọn orúkọ wọ̀nyí ni mo ń yà, tí mo ń tẹ̀ sí àyà ẹ̀wù. Inú àwọn ènìyàn wa dùn débi pé wọ́n ń wá láti Ayọ̀bọ̀ àti Ìyànà Ìpájà. Orúkọ tí wọ́n ti ń jẹ́ láti kékeré, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa rí i lára aṣọ.

Ewu iṣẹ́ náà kò kéré ṣá. Ẹ̀rọ gbígbóná tó ń mú kí ìǹkì gbẹ mọ́ aṣọ máa ń ké nígbà tí àsìkò bá pé, ẹni tó ṣe é kò sì ro tiwa mọ́ ọn. Tí mo bá ti gbójú kúrò lára rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, òórùn jíjó ló máa sọ fún mi. Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí pákó kan ṣoṣo wà láàárín ṣọ́ọ̀bù tiwọn àti tèmi, ló wọlé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọwọ́ níbàdí.

"Nǹkan yín ti ń ké láti ìgbà yẹn jàre," ni wọ́n wí. "Ẹ fi sílẹ̀. Èmi á máa bá yín gbọ́ ọ."

Láti ọjọ́ náà, tí ẹ̀rọ bá ké, wọ́n á fi ìkúùkù gbá pákó, èmi á mọ̀ ọ́n lára tábìlì, màá sì ṣí ẹ̀rọ. A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì gbọ́ ara wa yé.

Bàbá Ràsákì ló gbé ẹ̀wù tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wá. Kápẹ́ńtà ni wọ́n, àwọn sì ni àgbà gbogbo adití Ìkòtún. Ọlọ́kadà kan ti gbá wọn lápá láti ẹ̀yìn, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀ gbá wọn létí pé wọn kò yà fún òun. Wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n sì fi ọwọ́ sọ ọ́ fún mi.

"Kọ ọ́ sí mi lẹ́yìn pé mi ò gbọ́ràn," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yìn ni ikú ti ń wá bá adití."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo kọ ọ́ gàdàgbà gadagba sí ẹ̀yìn ẹ̀wù: ADITÍ NI MÍ, MI Ò GBỌ́ HỌ́Ọ̀NÙ. Kò pẹ́ tí ẹ̀wù ẹ̀yìn yìí fi tà ju ẹ̀wù orúkọ lọ. Ìyá tó bí adití a ra tọmọ rẹ̀, a tún ra ti ìgbà tí ọmọ bá dàgbà. Ṣadé nìkan ni kò fẹ́ rí i. Mo tẹ tirẹ̀ fún un, ó gbé e kọ́ sórí ìṣó.

"Ṣé pátákó ìpolówó ni mí?" ló bi mí láàárọ̀ ọjọ́ tí títì ṣófo náà.

"Ẹ̀mí rẹ ni mò ń rò."

"Orúkọ mi ni mo fẹ́ wọ̀. Mi ò fẹ́ wọ etí mi."

Mo gbọdọ̀ sọ pé nínú èdè ọwọ́, kò sí ẹ, kò sí o. Ìka la ń nà síni, ọba ni tàbí ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá mi fi rò pé ìyàwó mi ń yájú sí mi. Lọ́jọ́ yẹn, Màmá ì bá ti jàre. Pẹ̀lú ìbínú ni Ṣadé fi jáde, ẹ̀wù orúkọ rẹ̀ ló wọ̀, ó di ẹ̀wù oníbàárà sínú báàgì, ó ń lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ̀wù ẹ̀yìn rẹ̀ wà lórí ìṣó.

Nígbà tó di ọ̀sán, mo mọ̀ ọ́n lára pé pákó ń mì. Mo ṣí ẹ̀rọ, mo yọ ẹ̀wù, mo fi òmíràn sí i. Pákó tún mì, ó mì gan-an. Mo ní lọ́kàn mi pé kí ló ń lé Ìyá Oníbúrẹ́dì lónìí, àsìkò ò tíì pé. Mi ò gbé orí sókè. Ìgbà tí mo máa fi gbé e sókè, títì ti ṣófo, bí mo ṣe sọ fún yín.

Mo yọjú. Èéfín dúdú ń gòkè lọ́nà Ìkòtún. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Ṣadé lórí fóònù, kò dáhùn. Mo tún fi ránṣẹ́. Ọ̀nà Ìkòtún yẹn gan-an ló máa gbà padà wá. Ẹ̀rù tó bà mí kò ju ẹyọ kan lọ: pé ẹnì kan tó mú ìbọn lọ́wọ́ yóò sọ fún ìyàwó mi pé kó dúró, kò sì ní dúró.

Mo fa ẹ̀wù ẹ̀yìn kan yọ láàárín èyí tí mo ti ká sílẹ̀, mo wọ̀ ọ́, mo sì jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa wọ̀ ọ́ jáde.

Mo rìn kọjá ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníbúrẹ́dì tó ti wà ní títì pa. Ní kọ́nà tó yọ sí ibùdókọ̀, mo já lu àwọn ọlọ́pàá kan tí wọ́n dúró ti ọkọ̀ wọn, aṣọ dúdú ni wọ́n wọ̀, ìbọn sì wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan na tirẹ̀ sí mi. Ẹnu rẹ̀ ń yára lọ, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan mú níbẹ̀. Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, tó bá ti na ọwọ́ sókè, ẹnu rẹ̀ ti pa dé. Mo fẹ́ fi ohùn sọ ọ́, ohùn kọ̀. Mo rọra mú ọwọ́ kan wá sí etí kí n fi hàn án, ó tún gbé ìbọn sókè sí i, mo sì yára dá ọwọ́ padà. Ọ̀rọ̀ tó lè gbà mí sílẹ̀ wà lára mi, gàdàgbà gadagba, èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀yìn ló wà. Bàbá Ràsákì sọ pé ẹ̀yìn ni ikú ti ń wá, iwájú ni tèmi dúró sí.

Kò sí ọ̀nà mìíràn. Mo kẹ́yìn sí i.

Mo rọra yí, díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ mi lókè. Ògiri kan ni mo kọjú sí, wọ́n lẹ àwòrán olóṣèlú mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Òógùn ń ṣàn wọ̀ mí lójú. Mo ń ronú pé tó bá yìn ín, mi ò ní gbọ́ ọ. Mo pe orúkọ Ọlọ́run nínú mi, mo sì pe ti Ṣadé.

Ọwọ́ kan bà lé mi léjìká. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Nígbà tí mo yíjú, ọkùnrin náà ti dojú ìbọn kọlẹ̀. Ó rọra la ẹnu, ó sì fara balẹ̀ sọ ọ́ kí n lè rí i: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wọlé." Ó nawọ́ sí ilé olóògùn tó wà lódìkejì.

Àwọn ènìyàn kún ẹ̀yìn géètì irin ibẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì ni mo kọ́kọ́ rí, wọ́n di obìnrin kan mú pinpin níbàdí bí ẹni di àpò ìyẹ̀fun mú. Ṣadé ni. Ó ti rí mi láti ìgbà tí mo yọ ní kọ́nà, ó fẹ́ jáde wá bá mi, wọn kò jẹ́. Ó rí i tí mo kẹ́yìn sí ìbọn.

Wọ́n ṣí géètì fún mi. Ìyá Oníbúrẹ́dì na ìkúùkù wọn tó ti wú sí mi lójú. "Mo gbá pákó títí," ni wọ́n wí, "ẹ ò jáde." Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé àwọn ọmọ gáréèjì ló dojú ìjà kọ ara wọn, àti pé àárín ọ̀nà ni ọkọ̀ já Ṣadé sí. Báàgì àti fóònù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ ohun tí wọ́n ń sá fún, ó kàn wo ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn kọrí sí, ó sì bá wọn sá.

Ṣùgbọ́n kò kọ́kọ́ sọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ fún mi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mi láyà, ó tún gbá mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ibí yìí ṣófo," ló wí. "Kí ló dé tí ibí yìí fi ṣófo?"

Mo wo àyà ẹ̀wù mi, kò sí ohun tí mo kọ síbẹ̀.

A pe gbogbo ẹ̀wù ẹ̀yìn padà. Bàbá Ràsákì kọ́kọ́ bá mi jiyàn pé ṣebí ojú àwọn wà níwájú, kí ni àwọn ń fẹ́ kọ síbẹ̀. Mo fi ọwọ́ ṣàlàyé ọjọ́ náà fún wọn, mo na ọwọ́ sókè níwájú wọn, mo sì dúró bẹ́ẹ̀. Wọ́n bọ́ tiwọn lọ́rùn níbẹ̀, wọ́n sì gbé e fún mi.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ náà wà níwájú, ó wà lẹ́yìn, orúkọ ẹni sì wà lókè ọkàn. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, adití ni wọ́n, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n ta ẹ̀wù tí wọn kò tíì wọ̀ jáde.

Ṣadé ń wọ tirẹ̀, torí pé orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kó tó jáde láàárọ̀, ó máa ń dúró níwájú mi, á sì yí po. Mo ka iwájú, mo ka ẹ̀yìn. Á bi mí pé ṣé ó ti tó. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, mi ò tíì lè dá a lóhùn pé ó tó.