Géètì Tó Fẹ́ Ṣófo Lọ́jọ́ Ojúde Ọba

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ ìjókòó ni Ràmọ́tà ń ṣe, irọ́ ló ń pa. Òun ló ń pín àwọn sìkiọ́rítì sẹ́nu géètì fún iléeṣẹ́ Ọ̀gá Frederick ní Ìjẹ̀bú-Òde: ẹni tó máa ṣọ́ ilé epo ní Ayépé, ẹni tó máa wà ní ilé ìkẹ́rùsí ní Ìbẹ̀fún, ẹni tó máa lọ sí ilé ìwòsàn Dókítà Ìtùnú ní Ìjagun. Ìyàwó ẹnì kan bímọ, Ràmọ́tà ni wọ́n á pè. Inú ń run ẹlòmíì, òun náà ni. Ó lè bú ọ láàárọ̀ kó ra àkàrà fún ọ kílẹ̀ tó ṣú.

Kì í gba ẹni tí kò ní onígbọ̀wọ́ síṣẹ́. Abdulhakeem ló kọ́kọ́ gbà. Ìyẹn mú ojúgbà rẹ̀ wá, ojúgbà náà tún mú ojúgbà tiẹ̀ wá. Ọmọlúàbí ni gbogbo wọn. Àfi bí Iléyá ṣe ku ọ̀sẹ̀ kan tí Abdulhakeem wọlé, tó ń họ orí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbàyè lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ń jáde."

"Kò burú, máa lọ."

Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ti tọrọ ohun kan náà. Yéè! Ìgbà yẹn lojú Ràmọ́tà tó là. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ti kó síṣẹ́, àwọn tí wọ́n jọ dàgbà, tí wọ́n á sì jọ jó lọ́jọ́ kẹta Iléyá! Ta ló fẹ́ sọ fún ọmọ Ìjẹ̀bú pé kó jókòó sẹ́nu géètì kí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa kọjá níwájú ọba?

Ọ̀gá Frederick ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. "Géètì tó ṣófo ni Dókítà Ìtùnú torí ẹ̀ lé àwọn tó ṣáájú wa. Bí tiwa bá ṣófo, Ràmọ́tà, ilé yá nìyẹn." Ẹ̀rù bà á gan-an. Ọdún náà sì ni òun alára máa kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ tirẹ̀ jáde; gèlè ti wà nílẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Gbàdàmọ́sí, ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, gbọ́ bó ṣe ń ráhùn, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé àwa àgbà ti kú tán ni? Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi á dúró. A ti jó títí, orúnkún wa ló ní ó tó. Ẹ ṣáà fún wa láṣọ iṣẹ́."

Bó ṣe rí nìyẹn. Lọ́jọ́ náà, àgbà ló wà lẹ́nu gbogbo géètì, bàbá fúnra rẹ̀ sì gba Ìjagun. Ràmọ́tà jó, ó jó, bàtà fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lójú agbo ni Dókítà Ìtùnú pè.

"Ràmọ́tà, bàbá yín mọ iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé rédíò sétí, wọ́n ń gbọ́ Ojúde Ọba. Wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn ò ní pẹ́ jáde. Omijé ni mo rí lójú wọn yẹn."

Ọ̀kadà ni Ràmọ́tà fò mọ́. Nígbà tó dé Ìjagun, kò tiẹ̀ kí bàbá dáadáa.

"Bàbá mi, ẹ bọ́ṣọ yẹn fún mi. Ọ̀kadà ń dúró dè yín."

"Ta ló máa wá ṣọ́ géètì?"

"Kí lèmi ń ṣe níbí?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa báàgì kan yọ lábẹ́ àga. Agbádá rẹ̀ rèé, ó ti lọ̀ ọ́ kó tó kúrò nílé láàárọ̀! Ràmọ́tà fẹ́ bú u, ẹkún ló gbà á lẹ́nu.

Bí Dókítà Ìtùnú ṣe jáde, Ràmọ́tà ló bá lẹ́nu géètì: gèlè lórí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ṣẹ́ẹ̀tì sìkiọ́rítì lórí léèsì. "Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ bá wa ṣí búùtù," ló ń wí fún ọlọ́kọ̀ kan. Rédíò bàbá ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí àga. Nígbà tí wọ́n pe ẹgbẹ́ Gbàdàmọ́sí, igbe ayọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ké mú káwọn aláìsàn yọrí lójú fèrèsé.