Orin Ìbànújẹ́ Ìyá Ọkọ Mi

Mo rántí ìgbà tí mo dúró nídìí síǹkì ìyá ọkọ mi ní St. Georg, ní Hamburg, ní Jámánì, pẹ̀lú oyún nínú, tí mò ń ha ìkòkò tí òróró àti ẹja oníyọ̀ ti gan mọ́ lára. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín ní pálọ̀. Èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Potogí ni ọkọ mi. Bí ẹ ò bá tíì bá Potogí gbé, ẹ ò tíì rí ẹni tó ń fi ìbànújẹ́ yangàn. Lọ́dọọdún, tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù bá ń ṣe ìdíje orin wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn kan á gbé iná wá, àwọn kan á gbé èéfín wá, àwọn kan á gbé ọmọge tí aṣọ ò tó lára rẹ̀ wá. Potogí á gbé obìnrin kan ṣoṣo wá nínú aṣọ dúdú, á dijú, á máa sunkún ẹni tó wọkọ̀ ojú omi lọ tí kò padà. Tí wọ́n bá gbẹ́yìn, ìyá ọkọ mi á ní, "Ayé ò létí mọ́."

Kí ti tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń ṣe tiwọn nínú ilé. Olúkúlùkù á kọ ọ̀kan nínú orin tí orílẹ̀-èdè wọn ti gbé lọ síbi ìdíje náà rí, àwọn yòókù á fún un ní máàkì. Ẹni tó bá gbẹ́yìn ni yóò fọ gbogbo abọ́. Èmi tí mo ti wà nínú kọáyà Aládùúrà láti kékeré, mo rò pé ọjọ́ mi dé. Mo dìde, mo gbé ọ̀kan nínú orin ẹkún wọn, mo pàtẹ́wọ́, mo mi ikùn mi díẹ̀, mo ní kí gbogbo ilé gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n bá mi gbè é. Ta ló sọ fún mi pé èèyàn kì í mí fìn-ín tí Potogí bá ń kọ irú orin yẹn?

Ìyá ọkọ mi yíjú sí ọmọ wọn. "Ẹni tí o mú wá yìí, ṣé òkú ìyá mi ló ń jó lé lórí ni?"

Òdo ni wọ́n fún mi. Ọkọ mi pàápàá fún mi ní òdo!

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní "ẹni tí ọmọ mi mú wá." Mo bímọ, wọn ò yí i padà. Kí wọ́n kàn pè mí ní ìyàwó wọn lẹ́ẹ̀kan péré, ìyẹn ni mo ń fẹ́, kò sì jáde lẹ́nu wọn. Wọ́n ti gbàgbé abọ́ tí mo fọ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

A kó lọ sí Berlin, sí Märkisches Viertel. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sí U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ni mo ti ń kọ́ orin Potogí, tí mò ń dijú bí opó, títí ọmọbìnrin mi fi ń pariwo pé, "Mama, nicht schon wieder!" nítorí orin náà ti sú u. Èmi ò kánjú. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi àti àbúrò wọn obìnrin wá bá wa wo ìdíje, mo pe àwọn obìnrin mẹ́ta láti kọáyà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo fà wọ́n sí ìdí fìríìjì.

"Tí èmi bá ń kọrin, ẹ má mí. Tí Mama bá ń kọ, ẹ bá wọn gbè é bíi ti ọjọ́ ìkórè."

"Ṣé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni."

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ dìde. Wọn ò tíì kọ ọ́ jìnnà tí ọ̀kan fi kígbe, "Halleluyah! Mama, ẹ gbé e lọ!" Èkejì ń fi ṣíbí lu tábìlì. Ẹ̀kẹta tú ìborùn, ó ń fi nu òógùn ojú wọn. Mama dá orin dúró, wọ́n jókòó wọ̀ọ̀. Ẹni tó bá dá orin dúró, òdo ni. Òfin wọn ni, èmi kọ́ ni mo ṣe é.

Mo dìde. Mo dijú, mi ò mi ìka kan. Àbúrò wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá ọkọ mi ò fẹ́ fún mi ní máàkì, àmọ́ etí wọn ò jẹ́ kí wọ́n purọ́: gbogbo ẹ̀ ni wọ́n fún mi.

Mama dìde, wọ́n ń kó abọ́. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì sáré dìde. "Èèwọ̀! Mama, ẹ fi sílẹ̀!"

"Ẹ jókòó," ni mo wí.

"Ìyá ọkọ ẹ ni o! Ṣé bí ìyá ẹ ṣe kọ́ ẹ nílé nìyí?"

"Ìyá mi ò mọ òfin ilé Potogí."

Mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mo ń mu mọ́ọ̀tì mi. Ariwo ìkòkò dùn létí mi ju orin lọ. Nígbà tó yá, ohùn kan wá láti kíṣìnì: "Ìyàwó mi, níbo lo ń kó ọṣẹ sí?"

Ọkọ mi fẹ́ dìde. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Mi ò gbọ́.

"Ìyàwó mi o!"

Ìgbà náà ni mo tó dáhùn.

Lónìí, ìyàwó ni wọ́n ń pè mí lórí fóònù, wọ́n á sì bèèrè ọmọ, àti bóyá mò ń jẹun dáadáa. Mo fẹ́ràn wọn. Tí mo bá kúnlẹ̀ àdúrà, mo máa ń tọrọ ìdáríjì nítorí ọjọ́ yẹn. Mi ò tíì lè ṣe é kí n má rẹ́rìn-ín.